Bí mo ṣe ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe oògùn jẹjẹrẹ: owó ni mo kọ́kọ́ kà

Nínú oògùn jẹjẹrẹ 100 tó bá wọ ìpele kìíní ìdánwò lára ènìyàn, bíi 5 péré ló ń gba àṣẹ títà lọ́wọ́ FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ya owó tí mo lè pàdánù pátápátá sọ́tọ̀: náírà 2 nínú 100 tí mo fi pamọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tí mo rà kò tíì ní oògùn kankan lórí àtẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní ìpele kejì, ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn. Owó ni èmi fi bẹ̀rẹ̀, torí ilé-iṣẹ́ tí kò tíì rí oògùn tà, ìpín ló ń tà jẹun. Gbogbo ìwé wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí EDGAR, ìkànnì SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà. Mo ṣí 10-Q tó dé kẹ́yìn, ìyẹn ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mo wá owó tó wà lọ́wọ́ wọn àti ìwé ìdókòwò tó ṣeé tètè tà: mílíọ̀nù 74 dọ́là. Mo wá lọ síbi tí wọ́n kọ "net cash used in operating activities", iye tí iṣẹ́ ń jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà, torí iye tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta. Àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni. Tiwọn jẹ́ mílíọ̀nù 31 fún oṣù mẹ́fà. Mo ṣí 10-Q tó ṣáájú, mo rí 14, mo yọ ọ́ kúrò, ó ku 17. Mo pín 74 sí 17, ó ju mẹ́rin lọ díẹ̀: bíi oṣù 13.

Oṣù 13 kò pọ̀. Tí oṣù mẹ́ta mìíràn bá kọjá, yóò ku mílíọ̀nù 57, kò sì ní gbé wọn dé ọdún kan mọ́. Bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, òfin ìṣirò owó sábà máa ń mú kí wọ́n kọ gbólóhùn "going concern" sínú ìwé, pé iyèméjì wà bóyá ilé-iṣẹ́ náà á lè dúró. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí onípìn-ín ka ìyẹn. Mo tún rí S-3 tí wọ́n ti fi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwé tó ń fún wọn láyè láti tètè ta ìpín tuntun. Èsì ìdánwò sì ku oṣù 10. Ó yé mi pé wọ́n á ta ìpín kí èsì tó jáde, iye rẹ̀ á sì já, nítorí náà ìdajì owó mi ni mo pinnu láti kọ́kọ́ fi rà.

Iye ìpín ló kàn. Áàpù mi ní gbogbo ilé-iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 131 dọ́là: ìpín mílíọ̀nù 41, ọ̀kọ̀ọ̀kan dọ́là 3.20. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú àlàyé tó tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ owó ni mo ti rí pre-funded warrant mílíọ̀nù 14. Ìpín tí àwọn olówó ńlá ti san owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni. Ó ku nǹkan tí kò tó sẹ́ǹtì kan lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ ọ́ di ìpín gidi, àmọ́ áàpù mi ò kà á. 41 pẹ̀lú 14 jẹ́ 55, lọ́nà 3.20 jẹ́ mílíọ̀nù 176. Warrant lásán mílíọ̀nù 9 tún wà tí wọ́n lè sọ di ìpín ní dọ́là 5. Mo kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lórí ClinicalTrials.gov, mo tẹ nọ́ńbà ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT, mo sì ṣí "Record History", níbi tí gbogbo àtúnṣe ti ń hàn látọjọ́ kìíní. Ṣé wọ́n ti yí ohun tí wọ́n ní àwọn máa wọ̀n padà? Rárá. Ṣé ọjọ́ ìparí ti sún? Ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́rin. Mo fara mọ́ ọn.

Ìkéde wọn ní kókó jẹjẹrẹ ìdá 40 nínú 100 àwọn aláìsàn ti súnkì. Mo ka orí: 4 nínú 10. Pẹ̀lú ènìyàn 10 péré, òótọ́ lè wà níbikíbi láàárín ìdá 12 àti ìdá 74. RECIST, ìlànà tí wọ́n fi ń wọn kókó jẹjẹrẹ, ní àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn kókó gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 30, ó kéré tán; níbi tí kò sì ti sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fi wé, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ya àwòrán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nínú àwọn 4 yẹn, 3 ni àwòrán kejì ti jẹ́rìí sí. Ìdá 30 ni mo kọ sínú ìwé mi. Ẹni tó bá ní mo le jù, kó rántí oògùn kan tó ń jẹ́ iniparib: ní ìpele kejì, lára obìnrin 123 tó ní irú jẹjẹrẹ ọmú kan tó burú, ó jọ pé ó ń fi kún ọjọ́ ayé wọn, nígbà tó di 2011, ìpele kẹta lára obìnrin 519 kò dé ojú òṣùwọ̀n. Ohun tí wọ́n ní ó ń dí, ìyẹn PARP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tún DNA rẹ̀ ṣe, wọ́n tún rí i nínú láàbù pé kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i.

Ọjà Nasdaq ń ṣí ní aago 2:30 ọ̀sán nílùú Èkó, 3:30 nígbà òtútù wọn. Mo fi ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ariwo rọlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà ń pe 3.05, ẹni tó fẹ́ tà ń pe 3.30. Bí mo bá kàn tẹ "rà", 3.30 ni màá san, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ torí ọjà náà fẹ́lẹ́. Limit order ni mo lò, àṣẹ pé n kò ní san ju iye tí mo kọ lọ: 3.18, ọjọ́ méjì ló gbà kó tó pé. Mi ò fi stop-loss sí i, ìyẹn àṣẹ tó ń ta ìpín fúnra rẹ̀ bí iye bá já dé ibi tí mo kọ. Òru tàbí òwúrọ̀ ni ìròyìn ìdánwò sábà máa ń jáde. Tí ọjà bá ṣí ní dọ́là 1, dọ́là 1 ni stop-loss yóò tà á, ohun yòówù kí o kọ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, 8-K (ìkéde ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì) àti 424B5 (ìwé títa ìpín tuntun) dé lálẹ́: ìpín tuntun mílíọ̀nù 20, dọ́là 2.60 ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì mo fi ìdajì tó kù rà ní 2.58. Mo tún ìṣirò ṣe: ìpín ti di mílíọ̀nù 75, àwọn alágbàtà yọ tiwọn, nǹkan bí mílíọ̀nù 49 wọlé, ó fi oṣù 8 kún ti tẹ́lẹ̀. Owó ti kọjá ọjọ́ èsì.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi àṣẹ títà ìdajì ìpín mi sílẹ̀ ní 4.90, kó tó kan dọ́là 5 níbi tí warrant mílíọ̀nù 9 yẹn ti ń dúró.