Kí Fídíò Ọjà Yín Má Baà Ṣe Bàìbàì
Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti ará ilé tó ń tajà lórí fóònù

Ìwé yìí kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń ya fídíò. Ẹ ti mọ̀ ọ́n yà, ẹ sì mọ bí a ṣe ń gé e, tí a ń fi orin àti iye owó sí i. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni pé àwọn oníbàárà ń sá fún ọjà tó dáa: wọ́n ní àwọn ò rí ojú ẹja, àwọn ò mọ̀ bóyá gàrí kúnná. Gàrí kúnná. Fídíò ni kò dáa.

Àṣìṣe kan náà ni a ń bá lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá á ya fídíò lóko, á fi ránṣẹ́ sọ́mọ lórí WhatsApp pé kó bá òun gé e. Ọmọ á gé e, á dá a padà lórí WhatsApp. Bàbá á ní iye owó ti yí padà; ọmọ á tún mú èyí tó ti gé, á tún un gé, á tún fi ránṣẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá gba ibẹ̀ kọjá ni wọ́n ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, ohun tó bá sì ti jáde nínú àwòrán kò ní padà wọlé mọ́. Ẹni tó bá wá sọ ọ́ di 4K (àwòrán tó tóbi ju 1080p lọ) lẹ́yìn náà kàn ń mú kí fáìlì sanra lásán ni.

Fídíò tí ẹ kò tíì gé, Document inú WhatsApp ni kí ẹ fi rán an. Ó ń gba fáìlì tó tó 2 GB, kò sì ní fọwọ́ kan àwòrán. Bí ọmọ bá wà nítòsí, ẹ lo wáyà tàbí flash. Flash tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí flash fi ń to fáìlì) kò ní gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ.

Tó bá kan Export, ìyẹn mímú fídíò tí ẹ gé jáde, ẹ fi resolution (bí àwòrán ṣe tóbi tó) àti frame rate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí bí fóònù ṣe yà á. 1080p àti 30 ni ti ọ̀pọ̀ yín. Ẹ má lọ yan 60. Bitrate (iye dátà fídíò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Mbps la fi ń wọ̀n ọ́n), tí CapCut tí a fi ń gé fídíò ń pè ní Code rate, ni kí ẹ mójú tó. YouTube fúnra rẹ̀ dámọ̀ràn 8 Mbps fún 1080p ní 30, 12 fún 60, àti 5 fún 720p ní 30. Irú fáìlì tí ẹ ó yàn ni MP4, H.264. Ní 8 Mbps, ìṣẹ́jú kan á tó 60 MB. Bí ìṣẹ́jú 3 bá jáde ní 20 MB, ẹ má fi ránṣẹ́ síbì kankan.

Ẹ ó ní dátà wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Ẹ gé ọ̀rọ̀ kúrú nígbà náà. Ta ló ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kí ará ilé àti ará oko?

Ẹ má pa project (iṣẹ́ gígé tó wà nínú áàpù) rẹ́, ẹ má sì pa fídíò tí ẹ yà lóko rẹ́ títí ọjà á fi tán. Bí owó bá yí, inú project ni kí ẹ ti yí i, kí ẹ sì Export látibẹ̀. Status WhatsApp á ṣì fún un pọ̀, a ò lè dá ìyẹn dúró, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan náà. Fún oníbàárà, ẹ tẹ HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ dá a dúró níbi tí ọwọ́ ti ń da gàrí. Ibi tí nǹkan ti ń yára ni àwòrán ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣe igun-igun, ẹ gbé bitrate sí 12, kí ẹ tún un Export.