Bíìtì dírílì àti túùlù léèdì tó ń kú kíákíá: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nílé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo pọ́n bíìtì 10 mm lórí gíráńdà, ó mú débi pé ó lè géni lọ́wọ́, àmọ́ tí mo bá gbé e sórí irin kò wọlé rárá, ó kàn ń ha ojú irin, ó ń han goorogo, èéfín ń jáde. Ṣé irin bíìtì ọ̀hún ni ò dáa ni?

Ìdáhùn: Irin ẹ̀ dáa jàre, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ̀yìn ẹnu ẹ̀ ló ga. Ẹ wò ó, bíìtì ní ẹnu méjì tó ń gé irin, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì ní ojú kan lẹ́yìn, ojú yẹn gbọ́dọ̀ máa relẹ̀ láti etí ẹnu lọ sẹ́yìn, bíi dígírì 8 sí 12, kó lè jẹ́ pé ẹnu nìkan ló máa kọ́kọ́ kan irin. Tí ẹ̀yìn bá ga tó ẹnu tàbí tó tiẹ̀ ga jù ú lọ, ẹ̀yìn yẹn láá máa fara nu irin, ẹnu tẹ́ ẹ pọ́n tó mú tó bẹ́ẹ̀ ò ní débẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé ẹran. Ohun tó ń ba bíìtì jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gan-an nìyí, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí bíìtì gidi tí wọ́n fẹ́ dà nù, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni wọn ò lọ̀ wálẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ fi máákà kun ẹ̀yìn ẹnu méjèèjì, ẹ gbé bíìtì sínú ojú ihò kékeré tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yí i, ẹ wá wo ibi tí máákà ti nù. Tó bá jẹ́ etí ẹnu, ó dáa. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, ẹ ti rí ibi tẹ́ ẹ máa lọ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ lọ̀ ọ́, ẹ di bíìtì mú kí ẹnu tẹ́ ẹ fẹ́ pọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ara bíìtì sì dà sí ojú òkúta ní dígírì 59, torí 118 ni gbogbo ṣónṣó ẹ̀, ìdajì ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnu kọ́kọ́ kan òkúta, ẹ wá máa sọ ọwọ́ tó wà nídìí bíìtì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa yí i díẹ̀ sápá ọ̀tún, òkúta á máa jẹ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ. Ẹ má yí i kọjá o, ẹnu kejì ò gbọ́dọ̀ kan òkúta. Tẹ́ ò bá ní nǹkan tí wọ́n fi ń wọn dígírì, ẹ mú nọ́ọ̀tì onígun mẹ́fà méjì tó rí bákan náà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn ti ara wọn, àlàfo tó bá wà láàárín wọn, dígírì 120 ni, bíìtì tẹ́ ẹ pọ́n dáa á jókòó síbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má sì lọ̀ ẹ̀yìn wálẹ̀ jù, ẹnu á tín-ín-rín, á máa kán wẹ́wẹ́, á sì máa há mọ́ irin lójijì.

Ìbéèrè: Bíìtì 8 mm mi ń lu ihò tó fẹ̀ ju 8 lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì ni irin ti ń yí jáde.

Ìdáhùn: Ẹnu kan gùn ju èkejì lọ. Ṣónṣó ẹ̀ ò sí láàárín mọ́, ìyẹn ló ń ti bíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ihò fi ń fẹ̀, iṣẹ́ ò sì pín dọ́gba fún ẹnu méjèèjì. Ẹ fi rúlà wọn ẹnu kọ̀ọ̀kan láti àárín ṣónṣó dé etí ìta, ẹ lọ̀ èyí tó kúrú títí wọ́n á fi dọ́gba, torí bẹ́ ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́ lá máa gùn sí i, ẹ sì tún wo dígírì wọn. Tó bá ti dáa, irin á máa yí jáde lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè: Mo ra bíìtì tòkunbọ̀ ní Owódé Oníìrin, ibi tí mo ti ń pọ́n ọn ló ti yí àwọ̀ padà sí búlúù. Ó ti kú nìyẹn àbí?

Ìdáhùn: Ẹ wo ìdí ẹ̀ bóyá wọ́n kọ HSS sí i, ìyẹn irin líle tó ń fara da ooru. Tí wọ́n bá kọ ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀, irin yẹn ṣì máa ń le títí dé nǹkan bíi 600 lórí ìwọ̀n Celsius, búlúù lásán ò pa á. Àmọ́ tó bá jẹ́ irin kábọ̀n lásán, bó ti ń di búlúù, ní nǹkan bíi 300, líle ẹ̀ ti lọ, ẹ máa lọ̀ ọ́ kọjá ibi tó dúdú yẹn kẹ́ ẹ tó bá irin tó le. Ẹ tún yẹ òkúta yín wò: tó bá ti ń dán, kò gé mọ́, ó kàn ń gbóná ni, ẹ fi ohun èlò tí wọ́n fi ń họ òkúta họ ojú ẹ̀ kó tún rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Ẹ máa fi bíìtì kan omi lemọ́lemọ́ kó tó gbóná, àmọ́ tí HSS bá ti gbóná rakọ̀rakọ̀ ẹ fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tù ú, omi òjijì lè jẹ́ kó sán wẹ́wẹ́ lẹ́nu.

Ìbéèrè: Mi ò ní gíráńdà orí tábìlì, fáìlìn maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo ní. Ṣé mo lè fi ẹ̀gbẹ́ dísìkì tó ń gé irin pọ́n ọn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Dísìkì pẹlẹbẹ 1 mm yẹn ò ṣe é tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè fọ́ kó fò lu yín lójú. Dísìkì tó nípọn tí wọ́n fi ń lọ̀ irin ni kẹ́ ẹ lò, ẹ di maṣíìnì mọ́ fáìsì (ohun tó ń di irin mú lórí tábìlì) dáadáa, ẹ wọ gọ́gù, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo ń fi bíìtì lu sitéènlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe síńkì, ó ń kú kíá.

Ìdáhùn: Eré ẹ̀ ló pọ̀, ẹ ò sì tẹ̀ ẹ́ tó. Sitéènlẹ́ẹ̀sì máa ń le sí i tí bíìtì bá ń fara nù ún láì gé e, ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti dán, bíìtì kejì náà á kú síbẹ̀. Ṣónṣó dígírì 135 ló dáa fún un. Fún bíìtì 10 mm, yípo bíi 350 ní ìṣẹ́jú kan ti tó, ẹ da òróró sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí irin máa jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ má gbé e sókè gbé e sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Tí mo bá ń tẹ́ ojú orí irin lórí léèdì (maṣíìnì tó ń yí irin kí túùlù lè fá a), kókó kékeré kan máa ń ṣẹ́kù láàárín, ojú irin sì rí hágahàga. Túùlù HSS ni mo fi ń ṣe é.

Ìdáhùn: Àbúrò, túùlù ẹ ò sí ní àárín gbùngbùn irin. Fi rúlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín túùlù àti irin roboto kan tó wà lórí léèdì, tẹ túùlù wọlé díẹ̀díẹ̀ kó di rúlà mú, wá wo bó ṣe dúró. Tó bá dúró gangan, ó wà láàárín. Tí orí rúlà bá dà sọ́dọ̀ rẹ, túùlù ti relẹ̀, ki abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ, bíléèdì ayùn irin tó ti kú náà dáa fún un. Tí orí ẹ̀ bá dà sọ́dọ̀ kejì, túùlù ti ga jù.

Tí ojú irin bá ṣì rí hágahàga, wo abẹ́ imú túùlù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bíìtì náà ni o, abẹ́ imú gbọ́dọ̀ relẹ̀ bíi dígírì 8 sí 10 kúrò lára irin, kó má fara nù ún. Fi òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná àti òróró díẹ̀ họ etí ẹnu, kó o sì lọ̀ imú ṣóńṣó yẹn kó rí roboto díẹ̀. Tó bá jẹ́ bíráàsì lò ń fá, tẹ́ orí túùlù pẹrẹsẹ, má jẹ́ kó dà sẹ́yìn, bíráàsì á fa túùlù tó dà sẹ́yìn wọlé lójijì.

Ìbéèrè: Túùlù tí wọ́n lẹ kábáìdì, ohun tó le ju irin lọ, mọ́ lẹ́nu ńkọ́, òkúta mi ò jẹ ẹ́.

Ìdáhùn: Òkúta eléérú ò lè jẹ ẹ́. Òkúta aláwọ̀ ewé tàbí ti dáyámọ́ńdì ló ń lọ̀ ọ́. Ẹ má kì í bọ omi tó bá gbóná, á sán. Ẹ bo imú yín dáadáa, eruku kábáìdì ní kóbáàtì nínú, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbéèrè: Bíìtì 2 mm ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ra tuntun jàre. Ẹnu ẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i bóyá ẹ̀yìn relẹ̀.