Bí A Ṣe Ń Se Biko Láìjẹ́ Kí Latik Jóná

Biko ni ìrẹsì alẹ̀mọ́ra tí àwọn ará Fílípínì máa ń fi wàrà àgbọn àti ṣúgà pupa rò títí tí á fi ki. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì wọ́n latik, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wàrà àgbọn tí wọ́n dín nínú òróró ara rẹ̀, lé e. Ìrẹsì yẹn kò ṣòro sè rárá. Latik ló ń dá àwọn èèyàn lágara, torí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ẹ wá ife méjì ìrẹsì malagkit (ìrẹsì alẹ̀mọ́ra ti Fílípínì), àgbọn gbígbó mẹ́ta, ife ṣúgà pupa kan àbọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìrẹsì alẹ̀mọ́ra ti Thailand náà dára. Èyí tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù kò lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kó rọ̀ tó. Ẹ rẹ ìrẹsì mọ́jú.

Ẹ rín àgbọn, ẹ bu ife omi gbígbóná kan sí i, kẹ́ ẹ fún un. Àfúnkọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní kakang gata, ni ti latik. Ife méjì tó. Ẹ tún bu ife omi méjì sórí àgbọn rínrín tó ṣẹ́ kù, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì fún ìrẹsì. Tó bá jẹ́ ti inú agolo lẹ fẹ́ lò, ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa: àgbọn àti omi nìkan ni kó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi nǹkan amúnǹkanki sí kì í jẹ́ kí òróró ya kúrò lára omi, ẹ ó kàn máa rò ó lásán ni.

Ẹ gbé asẹ́ onírin lé abọ́ irin kẹ́ ẹ tó dáná, torí kò ní sáyè láti wá a tó bá yá. Asẹ́ oníke á yọ́ nínú òróró gbígbóná. Ẹ da kakang gata sínú páànù fífẹ̀ tí ìdí rẹ̀ nípọn. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù. Yóò máa ta pàrà-pàrà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; omi ló ń lọ yẹn. Níbi tí ariwo ti rọlẹ̀, tí òróró mọ́ kedere, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun dúró nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dáhùn fóònù. Ẹ máa fi orógùn ha ìdí páànù láìdúró. Bó bá ti pọ́n bí ẹ̀pà sísun, ẹ sẹ́ ẹ kíá. Ẹ má dúró kó dúdú, torí òróró gbígbóná ṣì ń dín in lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti paná. Tó bá ti jóná, kíkorò rẹ̀ kò ní kúrò, ṣúgà ò sì lè bò ó. Ẹ má da òróró yẹn nù, àdí àgbọn gidi ni.

Ẹ fi ife omi kan àbọ̀ se ìrẹsì. Kó le díẹ̀ láàárín, torí yóò tún mu wàrà. Ẹ se wàrà kejì pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀ títí tí á fi máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí. Ẹni tó bá kánjú da ìrẹsì sí i kó tó ki, ẹ̀kọ ló sè, kò ní ṣeé gé. Ẹ rò ó lórí iná díẹ̀ títí tí á fi máa ṣí kúrò lára ìkòkò.

Ẹ fi ewé ra iná kó má baà fà ya, ẹ fi àdí pa á, kẹ́ ẹ tẹ́ biko sí i. Ó di ìgbà tó bá tutù kẹ́ ẹ tó wọ́n latik, kó má baà rọ̀. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà, á le. Tó bá di dandan pé kó sùn síbẹ̀, ooru omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi rọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.