Bí a ṣe lè kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wọ́n iyọ̀ sójú ọ̀nà oníyìnyín, láti Àkúrẹ́

Ní Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà, bí òtútù bá mú tí omi dì sójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n máa ń wọ́n sí i kí èèyàn má bàa yọ̀ ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, náà lè kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tí yóò máa ṣe iṣẹ́ yìí, bí òtútù ò tilẹ̀ kí í mú omi dì sójú ọ̀nà níbẹ̀. Fíríísà á bá wa pèsè yìnyín.

Ẹnu ibi tí iyọ̀ ti ń jáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń náwó nára sórí táyà àti kámẹ́rà, tó jẹ́ pé ìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń rántí iyọ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì tí kò lè wọ́n iyọ̀ níwọ̀n kò tíì ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní gírámù 20 la fẹ́ fún ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú, mítà 1 lóòró. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 1, tí ẹ̀rọ sì ń rin ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gírámù 10 ló gbọ́dọ̀ máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sọ pé ẹ ó kúkú dà á púpọ̀: iyọ̀ àpọ̀jù ń jẹ kọnkéré, ó ń pa koríko, ó sì ń ṣàn wọ odò.

Ike ni kí àgbá iyọ̀ jẹ́, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó dógùn-ún. Ẹ gé ìdí kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ bí àrọ. Sábẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ fi irin yíyí tó máa ń ti àgbàdo síwájú nínú ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́wọ́, kí ẹ sì so mọ́tò tí yóò máa yí i mọ́ ọn. Ẹ wá àlòkù rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba. Lásìkò òjò, iyọ̀ máa ń rin, á sì dì sẹ́nu àgbá, nítorí náà ẹ so wáyà líle mọ́ irin náà kó máa tú u ká bó ṣe ń yí.

Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tan mọ́tò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wọn ohun tó já bọ́. Gírámù 300 là ń wá. Bó bá lé, ẹ dín eré mọ́tò kù nínú Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ náà. Bó bá dín, ẹ fi kún un. Ẹ tún un ṣe nígbà tí kẹ́ẹ̀gì kún àti nígbà tó fẹ́ tán, torí èsì méjèèjì lè má dọ́gba.

Fún ẹsẹ̀ rẹ̀, mọ́tò wáípà tokunbo onífóltì 12 lágbára dáadáa. L298N, pátákó tó ń darí iná lọ sí mọ́tò, tí gbogbo èèyàn ń rà, ò lè gbé ju ámpíà 2 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lo BTS7960 tó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí o: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wáípà, ara irin mọ́tò gan-an ni wáyà nẹ́gátíìfù. Bí ẹ bá de méjì mọ́ férémù irin kan, tí ọ̀kan ń lọ síwájú tí èkejì ń padà sẹ́yìn, iná á pàdé, wáyà á jó. Ẹ fi rọ́bà sáàárín mọ́tò àti férémù, ẹ fi rọ́bà bo bóòtù pẹ̀lú, kí ẹ sì fi mítà iná yẹ̀ ẹ́ wò pé irin mọ́tò àti férémù ò kan ara wọn, kí ẹ tó so bátìrì. Ẹ fi HC-SR04, ohun tó ń fi ìró mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí, síwájú kó máa dúró bí èèyàn bá wà níwájú rẹ̀, àti bọ́tìnì pupa tó ń gé iná lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku yìnyín. Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti kọjá -9°C, fíríísà ilé sì sábà máa ń wà ní -18°C. Nítorí náà, ẹ mú omi dì nínú àwo pẹrẹsẹ méjì, ẹ gbé wọn sínú kúlà, kí ẹ dúró títí DS18B20, ohun tó ń wọn òtútù, yóò fi ka -5°C. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wọ́n iyọ̀ sí ọ̀kan, ẹ má fi nǹkan kan sí èkejì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ da omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ lórí òṣùwọ̀n. Ooru Àkúrẹ́ á ti yọ́ díẹ̀ nínú méjèèjì. Ohun tí oníyọ̀ fi ju èkejì lọ, bí ẹ bá ti yọ ìwọ̀n iyọ̀ tó wọ inú rẹ̀ kúrò, ni iṣẹ́ iyọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú Arduino pé bí òtútù bá ti kọjá -9°C, yanrìn ni kó máa wọ́n láti inú kẹ́ẹ̀gì kejì. Yanrìn kì í yọ́ yìnyín, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí bàtà di ilẹ̀ mú. Níhìn-ín, ẹ lè fi kẹ́ẹ̀gì yanrìn yìí ṣiṣẹ́ lórí kọnkéré tó ń yọ̀ nígbà òjò.

Lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ẹ da iyọ̀ tó kù sínú ọ̀rá, ẹ fi omi ṣan irin yíyí náà, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi òróró pa á.