Owó Bìáfúrà tí ẹ ń rà: àwọn àṣìṣe tó ń bí mi nínú

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé owó bébà Bìáfúrà kan wá bá mi, pọ́n-ùn kan. Ó ti fi láminéètì bò ó, ó ń dán gbinrin bí káàdì ìdánimọ̀. Ogójì ẹgbẹ̀rún náírà ló ní òun rà á. Ẹni tó tà á fún un sọ pé gómìnà báńkì tó buwọ́ lu owó náà bá ogun lọ, pé ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kò ní sí mọ́ láyé, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Mo kọ́kọ́ mu omi kí n tó dá a lóhùn, nítorí irọ́ yìí gan-an ni wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ èmi náà lọ́dún 1991.

Mi ò ní kọ́ yín ní a-b-d owó àtijọ́. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn tó ń sú mi nìyí.

Èkínní, láminéètì. Ẹ má dán an wò. Owó tí ẹ bá ti fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sin ín nìyẹn.

Èkejì, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́. Owó bébà kì í ṣe aṣọ ìró.

Ẹ̀kẹta, ẹ yé sọ pé pọ́n-ùn kan Bìáfúrà ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1968, owó tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Bìáfúrà di òkú owó. Kí oṣù náà tó parí, Báńkì Bìáfúrà ti gbé tirẹ̀ jáde, ṣílè márùn-ún àti pọ́n-ùn kan. Lẹ́yìn náà ni ṣílè mẹ́wàá, pọ́n-ùn márùn-ún àti pọ́n-ùn mẹ́wàá dé. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní iye tó wà lóde nígbà tí ogun parí tó mílíọ̀nù pọ́n-ùn 115 sí 140. Ẹ wá ronú sí i. Ní oṣù kìíní 1970, gbogbo ẹ̀ di bébà lójijì. Àwọn kan dáná sun ún, àwọn kan dì í sínú àpótí, wọ́n gbé e sórí àjà. Ó ṣì ń ti orí àjà bọ̀ títí dòní, ní ìdì ìdì. Pọ́n-ùn márùn-ún àti mẹ́wàá ló yẹ kí ẹ máa wá. Èyí tí kò ní nọ́ńbà lára kì í ṣe ayédèrú, kì í sì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé tí ẹnì kan fẹ́ fi ilé rà lọ́wọ́ yín. Wọn ò tíì tẹ nọ́ńbà sí i ni.

Ó kan ọ̀rọ̀ gómìnà báńkì yìí. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Lọ́dún 1991, olùkọ́ ni mí, owó oṣù mi kò tó nǹkan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún pọ́n-ùn kan nítorí ìtàn akọni tó kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ báńkì lọ́wọ́. Ẹni tó tà á fún mi tiẹ̀ fi ẹkún díẹ̀ sí i. Mo gbé owó náà sínú àpótí mi, mo sì ń fi han àlejò bí ẹni ń fi egúngún ilé hàn.

Ọdún 1993 dé. Ẹgbẹ́ NRC fa Bashir Tofa kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, Tofa sì mú Sylvester Ugoh gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀. MKO àti Kingibe ló wà ní apá keji. Èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn, ẹ mọ apá ibi tí mo wà. Pósítà Tofa àti Ugoh wà lára ògiri tó dojú kọ ilé mi, mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. June 12 dé, mo dìbò, mo padà sílé, mo sì tún ṣí àpótí mi fún àlejò kan, mo sọ ìtàn akọni tó kú sógun.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà kí bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí tó bi mí pé: "Ta ni gómìnà tó buwọ́ lù ú?" Mo ní òkú ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ugoh ọ̀hún kọ́ ni Tofa gbé dání lánàá yìí?"

Òun ni. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni, òun ni gómìnà Báńkì Bìáfúrà. Ogun parí, Gowon ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Nígbà tó di ayé Shagari, Ugoh ti di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún àti mẹ́ta tí owó tó buwọ́ lù ti di bébà lásán, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń du ipò kejì ní Nàìjíríà. Ẹni tí ẹ ní ó bá ogun lọ! Kì í sì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, gbogbo rédíò ló ń pe orúkọ rẹ̀. Ẹ ń ra ìbuwọ́lùwé, ẹ ò bèèrè ẹni tó ni ín.

Àwọn mìíràn á ní Okigbo ni. Okigbo wo? Pius jẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí ètò ọrọ̀ ajé. Christopher, akéwì, ló kú sógun ní 1967. Kò sí èyí tó jẹ́ gómìnà báńkì níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni àbí ẹ̀kẹfà? Ó ti dàrú mọ́ mi lójú. Àwọn tó ń pe owó Bìáfúrà ní "ogún pọ́n-ùn Awólọ́wọ̀". Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó fún Gowon, owó Nàìjíríà sì ni ogún pọ́n-ùn yẹn, èyí tí wọ́n san lẹ́yìn ogun fún àwọn ará Bìáfúrà tó ní owó ní báńkì. Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà ni Clement Isong, láti 1967 títí di 1975, ọmọ apá Ìlà-Oòrùn lòun náà. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: Isong di gómìnà ìpínlẹ̀ Cross River ní 1979, lábẹ́ ẹgbẹ́ Shagari. Àwọn méjì tó ń ṣọ́ àpò owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ogun wá di ará ìjọba lásìkò kan náà. Irú èyí ni ẹ lè máa fi ta owó bí ẹ bá fẹ́ ìtàn.

Owó ẹyọ ṣílè kan Bìáfúrà ti 1969, alumíníọ́ọ̀mù ni. Tó bá wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó gbé owó oníláminéètì wá. Mo ní kó tẹ "gómìnà Báńkì Bìáfúrà" sínú fóònù rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí.

"Bàbá, ẹ̀yin dìbò lọ́dún yẹn, pósítà wà níwájú ilé yín, ẹ ò sì mọ̀?"

Mo ní kó gbé láminéètì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi.