Àgùntàn 80 tí wọ́n kà sí 24: bí mo ṣe kọ́ ara mi láti ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́

Pọ́n-ùn 90 ni mo san. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dùn mí jù títí di òní.

Ìyá ọkọ mi ló fà á. Ará Suffolk ni wọ́n láti ìrandíran, ní ìlà oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ńlá wọn kan sì kú síbẹ̀ nígbà tí Ọba James Kìíní wà lórí oyè. Láyé ìgbà náà, bí ẹni tó ní nǹkan lọ́wọ́ bá kú, àwọn aládùúgbò á wọ ilé rẹ̀, wọ́n á máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á kọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, wọ́n á sì díye lé e: ìkòkò, àpótí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, màlúù, ọkà inú àká. Kóòtù ìjọ ni wọ́n ń gbé ìwé náà lọ, torí ọwọ́ ìjọ ni ọ̀rọ̀ ogún wà títí di 1858. Ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀, ojú ewé méjì péré, ni màmá fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo mọ ìṣirò nínú ilé.

Mo wò ó. Àfi bí ẹni pé adìyẹ tẹ yíǹkì, tó wá fi ẹsẹ̀ tú orí bébà.

Mo bá wá ẹnì kan tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ó gba pọ́n-ùn 90, ó sì fi èyí tó tẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ka ọ̀rọ̀ bíi posnet, ìyẹn ìkòkò kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí èmi ì bá máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n akáwùǹtáǹtì ni mí. N kì í rí iye owó kí n má ṣírò ó.

Ó kọ ọ́ pé àgùntàn 24 wà ní pápá, pọ́n-ùn 32 ni iye wọn. Lábẹ́ rẹ̀, àgùntàn 6 mìíràn, ṣílè 48. Ẹ bá mi ṣe é. Ṣílè 48 sí ọ̀nà mẹ́fà, ṣílè 8 lórí ẹyọ kan. Pọ́n-ùn 32 jẹ́ ṣílè 640. Ẹ pín in sí 24, ó lé ní ṣílè 26 lórí ẹyọ kan. Àgùntàn abúlé kan náà, ọjọ́ kan náà! Ṣé wúrà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ni?

Ọ̀rọ̀ déètì tún wà níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 1611 ni wọ́n ka ẹrù olóògbé. Bẹ́ẹ̀ oṣù kọkànlá 1611 ni bàbá náà fúnra rẹ̀ ṣe ìwé ìhágún, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ màmá. Òkú oṣù kejì wá jókòó nínú oṣù kọkànlá, ó ń pín ogún fọ́mọ. Àkúdàáyà ará Suffolk!

Mo kọ̀wé sí ẹni tí mo sanwó fún. Ó ní bó ṣe wà nínú ìwé lòun ṣe kọ ọ́. Ìdáhùn yẹn ló mú mi pinnu pé màá kà á fúnra mi.

Ti déètì kò tó nǹkan. Títí di 1752, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà oṣù kejì 1611 tiwọn, 1612 tiwa ni. Bàbá ṣe ìwé ìhágún, ó kú, wọ́n ka ẹrù rẹ̀. Ó tán. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí National Archives ní Kew, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìjọba sí, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ìwé àfọwọ́kọ láti 1500 sí 1800, ni mo ti rí i.

Lẹ́tà náà kò pẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ tó bí mo ṣe rò. Secretary hand ni wọ́n ń pe irú ọwọ́ ìkọ̀wé yìí. Ẹ̀yìn ni e inú rẹ̀ kọ sí wa, h ń wọ́ ẹsẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ ìlà, s gùn bíi f tí wọn ò dábùú, c sì fẹ́ jọ r. Bí ẹ bá rí ye, the ni. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé Item ló bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ olóògbé sì wà lókè. Mo gé àwọn lẹ́tà yẹn jáde nínú fótò, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ bébà kan, mo fi ṣe ábídí. Ábídí akọ̀wé yẹn nìkan ṣoṣo, kì í ṣe ti inú ìwé ẹ̀kọ́. Èyí tí kò bá yé mi, màá kà á sókè, torí bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu ni wọ́n ń kọ ọ́. “Payer of shets” ò yé ojú mi, etí mi ló gbọ́ ọ: pair of sheets, aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì.

Iye àgùntàn yẹn ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Òǹkà Róòmù ni wọ́n ń lò, i jẹ́ ení, x jẹ́ ẹ̀wá. Bó ṣe rí nìyí: i mẹ́rin tò tẹ̀ léra, wọ́n fa ìrù sí ìkẹyìn kó lè dà bíi j, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Àmọ́ x kékeré méjì wá jókòó lé wọn lórí. Ẹni tó gbowó mi ro mẹ́rin pọ̀ mọ́ ogún, ó kọ 24. Irọ́ ni, torí akọ̀wé yìí kan náà kọ 24 síbòmíràn, níbi tó ti díye lé bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ: xxiiij, ogún ṣáájú, mẹ́rin tẹ̀ lé e. Kí ló dé tí yóò yí i padà fún àgùntàn?

Èmi náà wá gbọ́n tèmi. Mo ní bóyá ẹ̀rìndínlógún ni, mẹ́rin dín nínú ogún, bí àwa ṣe ń kà á. Inú mi dùn fún bí ìdajì wákàtí. Mo pín 640 sí 16, ó fún mi ní 40. Ó tún burú ju ti ẹlẹ́gbẹ́ mi lọ.

Mo ní àbí x méjì yẹn já bọ́ láti ìlà òkè ni. Mo fi odindi ọjọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ojúlówó ìwé náà níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù. Yíǹkì náà kò tàn, x méjì wà níbi tí akọ̀wé fi wọ́n sí, ṣákáṣáká. Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Ẹ bá mi fi owó ọkọ̀ kún 90 yẹn.

Ní Sátidé kejì, mo ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, ń ka òǹkà Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dé ọgọ́rin, ó dúró. Ó ní, “Mọ́mì, kí ló dé tó jẹ́ rin ló wà ní ìdí ẹ̀? Ṣebí mẹ́jọ ló yẹ kó wà níbẹ̀?” Mo ní rárá o, ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin sì ni...

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

Mẹ́rin nísàlẹ̀, ogún lórí rẹ̀. Ogún mẹ́rin! Mo sáré fi ọwọ́ tútù tẹ fóònù: 640 sí 80, ṣílè 8 géérégé. Nínú ìwé ogún, ogún ni mo ń wá tí mi ò rí. Bí Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un ṣe ń kà á nìyẹn, bíi ti àwọn ará wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń sọ quatre-vingts, ìyẹn ogún mẹ́rin, ní Faransé lójoojúmọ́. Mo jó nínú kíṣíìnì. Ọkọ mi rò pé mo gba tẹ́tẹ́.

Tí mo bá tún un ṣe, iye owó ni màá kọ́kọ́ kà, kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan, torí iye owó ṣeé yẹ̀ wò. Màá sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbowó mi kọ́kọ́ ka ìlà márùn-ún kí n rí i. Mi ò ní wọ ọkọ̀ lọ síbì kankan láìtíì béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje.

Mo fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí ẹni yẹn. Ó dá mi lóhùn pé ó ya òun lẹ́nu, òun á ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò mẹ́nu kan owó. Màmá ní tiwọn ti tún gbé òmíràn wá, ti 1587, omi ti ba ìdajì rẹ̀ jẹ́. Ó wà lórí tábìlì báyìí, mo ti gé Item jáde.