Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àárín ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́rápì fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì gún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́rápì lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ o. Èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín sí yín nínú fídíò kọ́kàn ẹ̀ má sí lọ́dọ̀ yín rárá, tó bá wá jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan lẹ fi ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹ bi í ni. Ní 2018 wọ́n kó ìwádìí 295 jọ, wọ́n sì rí i pé níbi tí àárín bá ti gún, ara sábà máa ń yá dáadáa, ì báà jẹ́ lójúkojú tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní WAI-SR, tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àárín yín ṣe gún tó, ni kẹ́ ẹ lò, ìbéèrè 12 péré ni. Mẹ́rin dá lórí ibi tẹ́ ẹ jọ ń lọ, mẹ́rin lórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń ṣe, mẹ́rin lórí ìfọkàntán tó wà láàárín yín. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń ṣe tẹ́rápì fún á mú láti 1 dé 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ ẹ̀ á wà láàárín 12 sí 60. Tó bá jẹ́ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń dá kà, tẹ́ ẹ kàn ń tì í lẹ́yìn, irú fọ́ọ̀mù yìí kan tó ń jẹ́ WAI-I ni wọ́n ṣe fúnyẹn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn ìjókòó kẹta, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí, torí ẹni tí ò tẹ́ lọ́rùn á ti bá tiẹ̀ lọ kó tó dìgbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ nígbà tẹ́ ò sí níbẹ̀, ojú á tì í láti fún yín ní 2 lójú yín.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rè é. Ká ní ó gba 46, ẹ̀ẹ́ ní ó dáa, àbí? Ẹ tú u wò: ìfọkàntán 19, ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ 18, iṣẹ́ 9 péré nínú 20. Ó fẹ́ràn yín o, àmọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá tẹ́ ẹ̀ ń fún un ò nítumọ̀ lójú ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé, “Mo rí máàkì tẹ́ ẹ fún iṣẹ́ tá à ń ṣe, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́, èwo gan-an ni ò bá yín lára mu?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, ẹ má gbèjà ara yín.

Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín, tiyín àti tiẹ̀ kì í sábà dọ́gba, àmọ́ tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ mélòó kan síra, tó bá já láti 54 bọ́ sí 41, ẹ bi í bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń já yín, tó bá ní rárá, ẹ má jẹ́ kó di ìjókòó tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó kàn sí i.